Orí Kẹfà: Dídán Ìsopọ̀ Páìpù Kànga Epo Wò

6.1 Ìdí tí a fi ń dán an wò

Kànga epo kì í ṣe ihò lásán. Bí a ṣe ń gbẹ́ ẹ lọ ni a ń fi irin kọ́ ògiri rẹ̀. Páìpù ńlá tí kì í jẹ́ kí ilẹ̀ wó sínú kànga ni à ń pè ní kéésìn. Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju kéésìn lọ, tó wà nínú rẹ̀, tí epo àti gáàsì ń gbà gòkè, ni túbìn. Kò sí ilé iṣẹ́ tó lè rọ páìpù kan ṣoṣo tó gùn ní 10,000 ẹsẹ̀ bàtà, kò sì sí ọkọ̀ tó lè gbé e. Nǹkan bí 40 ẹsẹ̀ bàtà ni kéésìn kọ̀ọ̀kan sábà máa ń gùn, a ó sì máa so wọ́n mọ́ra lọ́kọ̀ọ̀kan bí a ti ń sọ̀ wọ́n kalẹ̀. Ẹ pín 10,000 sí 40: nǹkan bí 250 ìsopọ̀ ló wà lára kéésìn kan ṣoṣo. Bí 249 bá dúró digbí tí ọ̀kan ṣoṣo jò, kànga náà ti jò.

Ara páìpù kò ṣòro láti ṣírò. Bí a bá mọ ìbú rẹ̀, bí irin rẹ̀ ṣe nípọn tó, àti irú irin tó jẹ́, ìṣirò kúkúrú ló máa sọ ìfúnpá tó lè gbà fún wa. Ìsopọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú irin méjì ló pàdé níbẹ̀, gírísì wà láàárín wọn, ẹnì kan fi ẹ̀rọ yí wọn mọ́ra, ó lè yí wọn jù tàbí kí ó má yí wọn tó. Bí ìsopọ̀ náà yóò ṣe dúró lónìí tún wà lọ́wọ́ ohun tí ojú rẹ̀ ti rí lánàá. Kọ̀ǹpútà lè ràn wá lọ́wọ́ láti fojú inú wo bí irin ṣe ń tẹ irin, ó sì ń ṣe é dáadáa, ṣùgbọ́n kò tíì sí ìṣirò tó lè gba ipò ìdánwò gidi. Ohun tí orí yìí dá lé ni bí a ṣe ń ṣe ìdánwò náà kí ó lè jọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú kànga, kì í ṣe ohun tó rọrùn láti ṣe nínú yàrá àyẹ̀wò.

6.2 Akọ àti abo

Orí páìpù tí a gé eyín sí lára níta ni akọ. Ibi tí a gé eyín sí nínú ni abo. Nínú ọ̀pọ̀ kéésìn, akọ ló wà ní ẹnu páìpù méjèèjì, irin kúkúrú kan tó ní abo lókè àti nísàlẹ̀, tí à ń pè ní kọ́pílìn, ló sì ń so wọ́n pọ̀. Àjọ American Petroleum Institute, tí gbogbo ayé mọ̀ sí API, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1919, ló fi ìlànà lélẹ̀ fún bí eyín wọ̀nyí yóò ṣe rí. Ìdí nìyẹn tí páìpù tí wọ́n rọ ní Japan fi lè wọ kọ́pílìn tí wọ́n gé ní Argentina.

Eyín tó wọ́pọ̀ jù láyé àtijọ́ ni eyín roboto. Mẹ́jọ ló ń wà nínú íǹṣì kan. Akọ náà kì í ṣe gbọọrọ; ó ń tín-ín-rín lọ sí ẹnu, ìbú rẹ̀ ń fi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin íǹṣì dín kù lórí ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan, kí ó lè máa há síi bí a ti ń yí i. Síbẹ̀, nígbà tó bá há tán, orí eyín kan kì í kan ìdí eyín èkejì. Àlàfo nǹkan bí 0.003 íǹṣì máa ń ṣẹ́ kù, ó sì ń yí po láti inú páìpù títí dé ìta. Ọ̀nà tí omi tàbí gáàsì lè tọ̀ jáde nìyẹn. Ẹni tó bá ti rí púlọ́ńbà tó ń wé tépù funfun mọ́ eyín páìpù omi kí ó tó yí i ti rí bí wọ́n ṣe ń dí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀.

Nínú kànga epo, gírísì ló ń ṣe iṣẹ́ tépù. Kì í sì í ṣe gírísì tí mẹkáníìkì fi ń pa bíárìn mọ́tò. Nínú èyí tí API kọ ìlànà rẹ̀ sílẹ̀, bí a bá wọn 100, 36 péré ni gírísì gan-an. Ìyókù jẹ́ ìyẹ̀fun: òjé 30.5, gíráfáìtì 18, síǹkì 12.2, bàbà 3.3. Ìyẹ̀fun wọ̀nyí ló ń dì mọ́ inú àlàfo náà tí wọ́n sì ń dí i, àwọn náà ni wọn kì í jẹ́ kí irin ha irin nígbà tí a bá ń yí i. Òjé kò dára fún omi àti ẹja, nítorí náà àwọn tó ń gbẹ́ kànga nínú òkun ti ń lo gírísì tí kò ní òjé nínú. Ìyẹn dára, bí a kò bá gbàgbé pé gírísì jẹ́ apá kan nínú ìsopọ̀. Ẹni tó bá pààrọ̀ gírísì ti ṣe ìsopọ̀ tuntun, ìwé ẹ̀rí ìdánwò àtijọ́ kò sì bo ìyẹn.

Ohun kejì tí eyín roboto fi kù díẹ̀ káàtó ni pé ẹ̀gbẹ́ eyín náà dà gẹ̀rẹ̀. Bí ẹrù bá ń fa páìpù sísàlẹ̀, ìdàgẹ̀rẹ̀ yẹn ń fún akọ mọ́ra sínú, ó sì ń ti abo síta, títí akọ yóò fi yọ kúrò nínú abo láìjẹ́ pé eyín kan ṣẹ́. Eyín onígun, tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pè ní bọ́tírẹ́ẹ̀sì, ni API fi yanjú èyí: márùn-ún nínú íǹṣì kan, ẹ̀gbẹ́ tó ń gbé ẹrù sì fi ìwọ̀n 3 péré dà, kò pọ̀ tó láti jẹ́ kí akọ yọ. Fífà kò ba bọ́tírẹ́ẹ̀sì lẹ́rù. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí gáàsì ń tọ̀ jáde ṣì wà níbẹ̀, gírísì náà ló sì tún ń dí i.

Gírísì lè dá omi dúró, ó lè dá epo dúró. Gáàsì tó gbóná, tó ń tẹ̀ ẹ́ fún ọdún mẹ́wàá, yóò wá ọ̀nà gba inú rẹ̀ kọjá. Èyí ló mú kí àwọn ilé iṣẹ́ ronú kan ìsopọ̀ tó ní èdídí irin mọ́ irin. Vallourec ti ilẹ̀ Faransé gbé VAM jáde ní 1965, àwọn mìíràn sì tẹ̀lé e. Nínú irú ìsopọ̀ yìí, iṣẹ́ eyín ni láti gbé ẹrù nìkan. Níwájú eyín ni akọ ti ní ojú kan tó dán mọ́ránmọ́rán, tó tóbi ju ojú abo tó fẹ́ wọ̀ lọ ní ìwọ̀nba. Bí a bá yí i, akọ fún, abo fẹ̀, irin sì tẹ irin pẹ̀lú ìfúnpá tó ju ti gáàsì lọ. Níwájú èdídí yìí ni èjìká wà, ibi tí ẹnu akọ ti kan ògiri abo tí yíyí yóò sì dúró. Èjìká ló ń jẹ́ kí ẹni tó ń yí i mọ̀ pé ó ti tó, nítorí pé agbára yíyí máa ń fò sókè lójijì lórí àwòrán tí kọ̀ǹpútà ń yà.

6.3 Ohun tí kànga ń fojú páìpù rí

Ẹ jẹ́ kí a fi nọ́ńbà ṣe é. A ní kéésìn kan tó fẹ̀ ní 9⅝ íǹṣì, tó wọn 47 pọ́ùn ní ẹsẹ̀ bàtà kan, irin rẹ̀ jẹ́ L80. Ìtumọ̀ 80 yẹn ni pé irin náà lè gba 80,000 pọ́ùn lórí íǹṣì onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 80,000 psi, kí ó tó nà débi tí kò ní lè padà sí ipò rẹ̀ mọ́. Irin náà nípọn ní 0.472 íǹṣì. Bí a bá gé e ní ìdábùú, íǹṣì onígun mẹ́rin 13.57 ni irin tó wà níbẹ̀. Nítorí náà, ẹrù tí ara páìpù lè gbé jẹ́ 13.57 × 80,000, nǹkan bí 1,086,000 pọ́ùn. Ìfúnpá inú tó lè gbà, gẹ́gẹ́ bí ìṣirò API tó yọ̀ǹda kí irin fi ìdá 12.5 nínú 100 fẹ́lẹ́ sí i, jẹ́ 6,870 psi. Ìfúnpá ìta tó lè tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ jẹ́ 4,750 psi.

Ẹ wá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ dé 10,000 ẹsẹ̀ bàtà. Ìwúwo rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ jẹ́ 470,000 pọ́ùn. Ẹrẹ̀ ìgbẹ́lẹ̀ inú kànga yóò gbé díẹ̀ nínú rẹ̀. Bí ẹrẹ̀ náà bá wọn 10 pọ́ùn ní gálọ́ọ̀nù kan, ohun tí ìsopọ̀ òkè pátápátá yóò gbé ku nǹkan bí 398,000. Kò tíì tó ìdajì agbára páìpù. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ yóò rò pé òun ti bọ́.

Ṣùgbọ́n kànga kì í sábà tọ́. Ní ibi tó bá ti fi ìwọ̀n 10 yí nínú 100 ẹsẹ̀ bàtà, páìpù gbọ́dọ̀ tẹ̀ tẹ̀lé e. Títẹ̀ yìí ń fa ẹ̀gbẹ́ ìta, ó ń kì ẹ̀gbẹ́ inú pọ̀. Ìṣirò rẹ̀ ni 218 × ìbú páìpù × ìwọ̀n yíyí: 218 × 9.625 × 10, ó lé díẹ̀ ní 20,900 psi. Ju ìdá mẹ́rin agbára irin lọ ti lọ sí títẹ̀ nìkan. Ibi tí ìyí bá wà sún mọ́ òkè ló burú jù, nítorí pé ìwúwo gbogbo páìpù ìsàlẹ̀ ń fa ibẹ̀ bákan náà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń rò pé ìsàlẹ̀ kànga ni ewu pọ̀ sí ní gbogbo ọ̀nà, kò rí bẹ́ẹ̀.

Ìgbóná ńkọ́? Irin tó bá gbóná fẹ́ gùn. Kéésìn tí sìmẹ́ńtì ti dì mú kò ráyè gùn, nítorí náà ó ń ki ara rẹ̀ pọ̀. Fún ìwọ̀n 100°C tí ìgbóná bá fi lọ sókè, ìkìpọ̀ tó máa wà nínú irin sún mọ́ 36,000 psi. Bí wọ́n bá ti kànga náà pa kí wọ́n lè tún un ṣe, irin tutù, fífà sì rọ́pò ìkìpọ̀. Bí wọ́n tún ṣí i, ó tún di ìkìpọ̀. Ìsopọ̀ kan lè rí èyí ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà láyé rẹ̀.

Kò sí ọ̀kan nínú ẹrù wọ̀nyí tó ń dá wá. Gáàsì ń tì láti inú nígbà tí ìwúwo ń fà, páìpù tẹ̀, ó sì gbóná, lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdánwò tó bá mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, tó fi omi tútù kún páìpù tuntun, tó tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ tó sì ní kò jò, kò parọ́. Ìbéèrè tí kànga kò bi í ló dáhùn.

6.4 Àwòrán ààlà

Bí a bá fẹ́ mọ ibi tí a ó ti dán ìsopọ̀ wò, a ó kọ́kọ́ ya àwòrán kan. Ìlà tó dùbúlẹ̀ dúró fún fífà àti ìkìpọ̀: fífà lápá ọ̀tún, ìkìpọ̀ lápá òsì. Ìlà tó nàró dúró fún ìfúnpá: ti inú lókè, ti ìta nísàlẹ̀. Gbogbo ipò tí páìpù lè wà jẹ́ àmì kan lórí ìwé yìí. Ìṣirò tó ń jẹ́ orúkọ Richard von Mises sọ fún wa ibi tí irin kò ti ní lè padà sí ipò rẹ̀ mọ́, tí a bá sì so àwọn àmì ibẹ̀ pọ̀, òbìrìkìtì gígùn kan tó dà sí ẹ̀gbẹ́ kan la ó rí. Páìpù tó bá wà nínú rẹ̀ ń bẹ láàyè.

Ìdà sí ẹ̀gbẹ́ yẹn lọ́gbọ́n nínú. Páìpù tí à ń fà lè gba ìfúnpá inú díẹ̀ ju èyí tí a kò fà lọ; èyí tí à ń fà tí ìfúnpá ìta sì ń tẹ̀ máa ń tètè fọ́ pẹlẹbẹ. Ibi tí ìsopọ̀ ti yàtọ̀ sí ara páìpù ni pé àwòrán tirẹ̀ kì í fìgbà gbogbo bá ti ara páìpù dọ́gba. Òmíràn lè gbé fífà tó ara páìpù kí ó má lè gba ju ìdá 60 nínú 100 ìkìpọ̀ rẹ̀ lọ, nítorí pé eyín rẹ̀ ní àlàfo ní apá ibẹ̀, tí gbogbo ìkìpọ̀ sì já lé èjìká. Olùṣe ìsopọ̀ ló máa ya ààlà tó gbà pé ti òun ni. Iṣẹ́ ìdánwò ni láti rìn yí etí ààlà náà ká, kí a wò ó bóyá òótọ́ ló sọ.

6.5 Bí ìdánwò náà ṣe ń lọ

Ìlànà méjì ló wà, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan: API 5C5 àti ISO 13679. ISO gbé tirẹ̀ jáde ní 2002, ó tún un kọ ní 2019. Ẹ̀dà kẹrin ti API jáde ní 2017. Wọ́n pín ìsopọ̀ sí ipele mẹ́rin, láti CAL I tó rọrùn jù dé CAL IV tó le jù. Ìsopọ̀ tó máa gbé epo nínú kànga tí kò jìn kò nílò ohun tí ìsopọ̀ kànga gáàsì tó jìn, tó sì gbóná, nílò. Nínú ẹ̀dà 2002, àpẹẹrẹ mẹ́ta ni à ń dán wò fún CAL I, mẹ́rin fún CAL II, mẹ́fà fún CAL III, mẹ́jọ fún CAL IV. Omi la lè fi tẹ CAL I; gáàsì ni fún àwọn yòókù.

Ẹni tí kò mọ̀ yóò béèrè pé kí ló dé tí a kò kàn mú mẹ́jọ látinú ọjà. Ìdáhùn rẹ̀ ni mo kà sí ọkàn gbogbo ìlànà yìí. Kò sí ẹ̀rọ tó ń gé irin tó ń gé e bákan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ilé iṣẹ́ ń fún ara rẹ̀ láyè díẹ̀: ojú èdídí lè fi ìwọ̀nba tóbi tàbí kéré, akọ lè tín-ín-rín kíákíá tàbí díẹ̀díẹ̀. Páìpù tí a bá ṣà lójú ọjà yóò sábà wà láàárín àyè yẹn, ibi tí ohun gbogbo ti dára. Èyí tó máa jò nínú kànga ni èyí tó bọ́ sí igun àyè náà. Nítorí náà, a ní láti mọ̀ọ́mọ̀ gé àwọn àpẹẹrẹ tó burú jù tí òfin ilé iṣẹ́ ṣì gbà láyè. Ọ̀kan yóò ní eyín tó há jù pẹ̀lú èdídí tó fúyẹ́ jù, tí a ó sì fi agbára tó kéré jù yí: bóyá yóò jò la fẹ́ mọ̀. Òmíràn yóò há níbi eyín, yóò há níbi èdídí, a ó sì yí i pẹ̀lú agbára tó pọ̀ jù: bóyá irin yóò jẹ irin la fẹ́ mọ̀. Gígé irú àpẹẹrẹ bẹ́ẹ̀ ṣòro ju gígé èyí tó dára lọ, owó rẹ̀ sì ga.

Yíyí àti títú ló ṣáájú. Túbìn máa ń jáde kúrò nínú kànga fún àtúnṣe, ó sì máa ń padà, nítorí náà à ń yí i, à ń tú u ní ọ̀pọ̀ ìgbà ju kéésìn lọ. Lẹ́yìn títú kọ̀ọ̀kan, a ó nu gírísì kúrò, a ó sì wo ojú irin bóyá ó ti ha. Irin tó ní kírómù púpọ̀, bí èyí tí kírómù rẹ̀ tó 13 nínú 100, ni a máa ń ṣọ́ jù, nítorí ó yára láti lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ kí ó sì ya.

Lẹ́yìn náà ni a ó fi àpẹẹrẹ sínú ìgbóná kí ohun tó ń gbẹ nínú gírísì lè gbẹ. Àwọn kan kò fẹ́ràn ìgbésẹ̀ yìí, nítorí pé gírísì tútù máa ń bo àṣìṣe olùgé mọ́lẹ̀, gírísì tó ti gbẹ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ nínú kànga, gírísì tútù kò ní sí níbẹ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ kó gbẹ níbi tí ojú wa ti tó o.

Ẹ̀rọ ìdánwò fúnra rẹ̀ jẹ́ férémù irin ńlá tó lè fa páìpù tàbí kì í pọ̀ pẹ̀lú agbára tó ju mílíọ̀nù pọ́ùn lọ, tó ní apá tó ń tẹ̀ ẹ́, àti ohun tó ń mú un gbóná. A ó fi irin gbọọrọ kan sínú páìpù kí àyè gáàsì lè kéré. Ìdí rẹ̀ ni ààbò. Omi tí a tẹ̀ kì í pa agbára púpọ̀ mọ́. Bí páìpù bá bẹ́, omi dà, ó parí. Gáàsì tí a tẹ̀ dé 10,000 psi ń pa agbára mọ́ bí bọ́ǹbù, ìdí nìyẹn tí a fi ń ṣe ìdánwò yìí nínú kòtò tàbí lẹ́yìn ògiri tó nípọn, tí ẹnikẹ́ni kì í sún mọ́ ọn nígbà tí gáàsì bá wà nínú rẹ̀.

A ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn yí ààlà ká, nígbà mìíràn dé ìdá 95 nínú 100 agbára rẹ̀. Nínú ẹ̀dà 2002, ìdánwò àkọ́kọ́, tí wọ́n ń pè ní A, ń kan igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àwòrán náà: ìfúnpá inú pẹ̀lú fífà, ìfúnpá inú pẹ̀lú ìkìpọ̀, ìfúnpá ìta pẹ̀lú ìkìpọ̀, ìfúnpá ìta pẹ̀lú fífà. A ó yí i ká lẹ́ẹ̀kan, a ó yí i padà ní ìdàkejì, a ó tún yí i bíi ti àkọ́kọ́. Àyípadà yìí kì í ṣe àfikún iṣẹ́ lásán. Ìkìpọ̀ tó pọ̀ lè tẹ èjìká wọlé díẹ̀. Bí fífà bá wá tẹ̀ lé e, èdídí yóò tú díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ìsopọ̀ tó yege nígbà tí fífà ṣáájú lè kùnà nígbà tí ìkìpọ̀ bá ṣáájú, kànga kò sì ní béèrè lọ́wọ́ wa èwo ni a fẹ́ kó ṣáájú. Ìdánwò B ń fi ìfúnpá inú, fífà, ìkìpọ̀ àti títẹ̀ pọ̀. Ìdánwò C ń mú àpẹẹrẹ gbóná, ó ń mú un tutù, lọ́pọ̀ ìgbà, pẹ̀lú gáàsì nínú: dé 180°C fún CAL III àti IV, 135°C fún CAL II. Ní ìparí, a ó fa àwọn àpẹẹrẹ náà, a ó tẹ̀ wọ́n, títí wọn yóò fi fọ́. Ibi tí wọ́n ti fọ́ àti bí wọ́n ṣe fọ́ máa ń kọ́ ẹnjiníà lẹ́kọ̀ọ́ ju ìwé ẹ̀rí lọ.

Báwo la ṣe ń mọ̀ pé ó ń jò? A ó fi ọ̀pá rọ́bà kékeré kan sí ibi tí gáàsì lè gbà jáde lára kọ́pílìn, a ó sì darí rẹ̀ sínú ìgò gíláàsì tó ní ìlà ìwọ̀n, tí a dojú rẹ̀ dé nínú omi. Gáàsì tó bá jò yóò di ìfófòó, yóò gòkè, yóò sì lé omi kúrò. Nínú ẹ̀dà 2002, ìwọ̀n tí a fi ń pààlà ni 0.9 sẹ̀ǹtímítà onígun ní ìṣẹ́jú 15. Ẹ ṣọ́ra fún ìfófòó tó kọ́kọ́ jáde: ìgbóná lè mú kí afẹ́fẹ́ tó ti há sínú eyín tẹ́lẹ̀ fẹ̀, kí ó jáde, kí ó sì dẹ́kun. Jíjò gidi kì í dẹ́kun. Ẹni tó ń ka ìgò náà gbọ́dọ̀ ní sùúrù láti dúró dé ìparí àkókò, kí ó sì kọ ohun tó rí sílẹ̀, bí kò tilẹ̀ wu olùṣe ìsopọ̀ tó ń sanwó ìdánwò.

6.6 Kànga sítíìmù

Ní àwọn ibì kan, epo inú ilẹ̀ nípọn débi pé kò lè ṣàn. Ní Cold Lake, ní ìpínlẹ̀ Alberta ní Kánádà, wọ́n ń ti sítíìmù, omi tó ti hó di oru, sínú ilẹ̀ láti yọ́ ọ, wọ́n á sì fà á jáde látinú kànga kan náà, wọ́n á tún ti sítíìmù wọlé. Ìgbóná ibẹ̀ máa ń kọjá 300°C. Ẹ padà sí ìṣirò wa: bí kéésìn L80 tí sìmẹ́ńtì dì mú bá lọ láti 20°C dé 320°C, ìkìpọ̀ tó yẹ kó wà nínú rẹ̀ jẹ́ 108,000 psi, nígbà tí agbára irin jẹ́ 80,000. Irin náà yóò kì pọ̀ kọjá ibi tó ti lè padà sí ipò rẹ̀. Kò sí bí a ṣe lè yẹra fún un.

Ìdánwò inú 6.5 kò mọ ohun tó fẹ́ ṣe sí èyí, nítorí inú ààlà ni gbogbo rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Níhìn-ín, páìpù ń jáde kúrò nínú ààlà ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti sítíìmù wọlé, ó sì gbọ́dọ̀ máa wà láàyè. Nígbà tó bá tutù, irin tó ti kì pọ̀ kọjá agbára rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fà, ìsopọ̀ ni ibi tí fífà náà sì máa ń kọ́kọ́ já sí. Ilé ìwádìí C-FER tó wà ní Edmonton, olú ìlú Alberta, ti ṣiṣẹ́ púpọ̀ lórí èyí, ISO sì gbé ìlànà kan jáde fún un ní 2013, ISO/PAS 12835. Nínú rẹ̀, a ń di ẹnu páìpù mú kí ó má lè gùn, a ń mú un gbóná, a ń mú un tutù, a sì ń ka ohun tí ìgbóná fúnra rẹ̀ ṣe. Kì í ṣe ẹrù tí ẹnjiníà yàn la fi ń dán an wò bí kò ṣe bí irin kò ṣe ráyè gùn.

6.7 Elgin

Ní 25 oṣù Kẹta 2012, gáàsì bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde lórí pèpéle Elgin ti ilé iṣẹ́ Total, nínú Òkun Àríwá, nǹkan bí 240 kìlómítà sí ìlà oòrùn Aberdeen ní Scotland. Wọ́n kó òṣìṣẹ́ 238 kúrò níbẹ̀. Ọjọ́ 51 ni gáàsì fi jáde kí wọ́n tó rí kànga náà, tó ń jẹ́ G4, pa. Ní 2015, ilé ẹjọ́ ní Aberdeen bu owó ìtanràn £1.125 mílíọ̀nù lé ilé iṣẹ́ náà. Kò sí ẹni tó kú.

Elgin kì í ṣe kànga kékeré. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ síí lò ó, ìfúnpá inú àpáta ibẹ̀ tó 1,100 bar, ìgbóná rẹ̀ sì sún mọ́ 190°C. Ìsopọ̀ èdídí irin mọ́ irin ni irú kànga bẹ́ẹ̀ ń lò. Ohun tí ìwádìí rí ni pé irin kéésìn sán níbi ìsopọ̀, nítorí ìpáàrà tó ń ṣẹlẹ̀ sí irin tó wà lábẹ́ ẹrù, tí omi iyọ̀ kálsíọ̀mù bùròmáìdì inú kànga àti gírísì eyín jọ fà. Omi iyọ̀ náà wà níbẹ̀ nítorí pé ó wúwo. Gírísì wà níbẹ̀ nítorí pé ìsopọ̀ nílò rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dára ní ipò tirẹ̀. Ìgbà tí wọ́n pàdé nínú ìgbóná, lójú irin tí à ń fà, ni wàhálà bẹ̀rẹ̀.

Náítírójìn ni gáàsì tí a sábà fi ń ṣe ìdánwò CAL, ó sì mọ́ tónítóní. Kò sí omi iyọ̀ kankan nínú rẹ̀, kò sí gáàsì kíkan tó ń ba irin jẹ́, ìdánwò náà kì í sì í gba ọdún. Kò yẹ kí a dá ìlànà lẹ́bi fún ohun tí kò ṣèlérí. Ṣùgbọ́n ẹnjiníà tó bá mú ìwé ẹ̀rí CAL IV lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ti bí ìsopọ̀ ṣe rí àti bó ṣe ń gbé ẹrù ni ìwé náà sọ. Fún ohun tí omi àti gírísì yóò fi irin ṣe, ìdánwò mìíràn wà, tí a ó kà nínú orí tó kàn: a óò rì irin tí à ń fà sínú omi kànga gan-an, pẹ̀lú gírísì gan-an, ní ìgbóná kànga gan-an, a ó sì fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀.

6.8 Ìbéèrè

1. Kéésìn 9⅝ íǹṣì inú 6.3 wà nínú kànga tó fi ìwọ̀n 6 yí nínú 100 ẹsẹ̀ bàtà. Ẹ ṣírò ohun tí títẹ̀ ń fi kún ìnira irin, kí ẹ sì sọ ìdá tó jẹ́ nínú agbára L80.

2. Bí a bá fi K55 (agbára rẹ̀ 55,000 psi) rọ́pò L80 nínú kànga sítíìmù 6.6, tí irin náà kọjá agbára rẹ̀ láìle sí i, fífà mélòó ni yóò wà nínú rẹ̀ nígbà tó bá padà tutù dé 20°C? Ẹ fi wé ti L80. Èwo nínú méjèèjì ni ẹ̀yin yóò yàn, kí sì ni ìdí?

3. Ilé iṣẹ́ kan dán ìsopọ̀ 7 íǹṣì wò títí dé CAL IV, ó sì fẹ́ kí a gbà pé ti 13⅜ íǹṣì náà ti yege, nítorí pé àwòrán kan náà ni a fi gé méjèèjì. Ẹ kọ ohun mẹ́ta tí ẹ ó béèrè kí ẹ tó gbà.

4. Nígbà ìdánwò C, ìfófòó mẹ́rin jáde ní ìṣẹ́jú méjì àkọ́kọ́ tí àpẹẹrẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, kò sì sí òmíràn fún ìṣẹ́jú 13 tó kù. Ṣé ìsopọ̀ náà jò? Kí ni ẹ ó ṣe kí ẹ tó kọ èsì sílẹ̀?